Àwọ̀ Tó Yẹ Ayọ̀mípọ̀sí

"Ṣé ara rẹ ò yá ni?"

Ìbéèrè tí Mísísì Sylvanus, olùkọ́ ìránṣọ, kọ́kọ́ bi Ayọ̀mípọ̀sí nìyẹn nígbà tó jáde láti ẹ̀yìn kọ́tìnnì nínú yàrá ìránṣọ ilé-ẹ̀kọ́ wọn ní Dagenham. Ọmọ náà ti ń retí kí olùkọ́ yìí yin aṣọ tó wọ̀. Kaba gígùn ni. Òun fúnra rẹ̀ ló gé e, òun ló rán an. Àwọ̀ búlúù ni, ó mọ́ gaara bí omi dídì, ó sì ń tàn yinrinyinrin bí iná bá ti kọ lù ú. Ojú rírán rẹ̀ tọ́ bí ìlà tí wọ́n fi rúlà fà.

"Ara mi le, mà," ni Ayọ̀mípọ̀sí dáhùn.

Olùkọ́ náà sún mọ́ ọn, ó wo abẹ́ ojú rẹ̀. "Ó dáa. Ó kàn jọ pé o kò sùn dáadáa ni. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ mọ́ púpọ̀, ìyẹn ò ṣe é jiyàn." Ó sì kọjá sọ́dọ̀ ọmọ mìíràn.

Ayọ̀mípọ̀sí yíjú sí dígí. Ara rẹ̀ kò dúdú kirikiri, bẹ́ẹ̀ ni kò pupa fòò. Ó dà bí èèpo ẹ̀pà tí wọ́n yan, pupa rẹ́súrẹ́sú tó ní ooru díẹ̀ nínú. Ẹyinjú rẹ̀ dà bí oyin, irun rẹ̀ sì máa ń pọ́n díẹ̀ bí oòrùn bá ràn sí i. Kò sí ohun tó ń kọ mànà lára rẹ̀, gbogbo rẹ̀ rọlẹ̀, ó sì bára mu. Ṣùgbọ́n nínú kaba búlúù yìí, ṣe ni awọ ara rẹ̀ jọ eérú. Abẹ́ ojú rẹ̀ ṣú, ètè rẹ̀ dà bí ti ẹni tí ibà ń ṣe. Aṣọ náà ń tàn, ẹni tó wọ̀ ọ́ ń ṣókùnkùn.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀, Eden, jókòó lórí tábìlì ìgéṣọ, ó ń ju ẹsẹ̀ síwá sẹ́yìn. Láti ọdún tí wọ́n ti wọ ilé-ẹ̀kọ́ girama ni àwọn méjèèjì ti ń ṣọ̀rẹ́. Uganda ni àwọn òbí Eden ti wá, Gẹ̀ẹ́sì ni òun àti Ayọ̀mípọ̀sí sì fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Eden dúdú, ó ń dán bí kóró iṣin, eyín rẹ̀ funfun láúláú, ojú rẹ̀ mọ́ kedere. Kò sí aṣọ títàn tó wọ̀ tí kì í gbé e yọ. Tí ó bá sọ pé ohun kan ló lòde, àwọn ọmọbìnrin kíláàsì wọn a fẹ́ ra irú rẹ̀ kí ọ̀sẹ̀ tó parí.

Òun ló mú búlúù yìí wá. Gbogbo ọmọ tó ń kọ́ ìránṣọ ni yóò rán aṣọ méjì fún àṣefihàn aṣọ ilé-ẹ̀kọ́ wọn, ọ̀kan fún ara wọn, ọ̀kan fún ọ̀rẹ́ tí yóò bá wọn wọ̀ ọ́. Ọmọ tó bá gbégbá orókè yóò lo ìsinmi ìgbà ooru ní ibi tí wọ́n ti ń rán aṣọ fún àwọn òṣèré orí ìtàgé. Láti kékeré ni Ayọ̀mípọ̀sí ti máa ń wo aṣọ lára àwọn òṣèré ju bó ṣe ń gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ lọ. Kò sí ẹ̀bùn tí ì bá wù ú tó èyí. Nígbà tí Eden sì sọ pé kí àwọn méjèèjì wọ búlúù kan náà bí ìbejì, pé àwọ̀ tó ń jà lórí fóònù gbogbo èèyàn nìyẹn, kò tilẹ̀ rò ó lẹ́ẹ̀mejì.

"Eden, wò mí dáadáa," ni ó wí báyìí. "Ṣé ó yẹ mí?"

Eden fi orí sí ẹ̀gbẹ́ kan. "Aṣọ náà dára. Àwọ̀ ara rẹ ni kò jẹ́ kó jáde. Bí ara rẹ bá lè mọ́ díẹ̀ sí i, wàá rí i bí yóò ṣe tàn." Ó rẹ́rìn-ín, ó fò sílẹ̀ lórí tábìlì, ó sì mú báàgì rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó sọ náà ti kúrò lọ́kàn rẹ̀ kí ó tó dé ẹnu ọ̀nà.

Kò kúrò lọ́kàn Ayọ̀mípọ̀sí. Nínú bọ́ọ̀sì tó gbé e lọ sílé ní Goresbrook, ó jókòó sí òkè, ó ń wo fóònù. Fídíò kan ń fa òmíràn wá: àwọn ọmọbìnrin tí ojú wọn ti mọ́, tí wọ́n ń sọ irú ìpara tí wọ́n lò. Ní ọjọ́ kejì, lẹ́yìn ilé-ẹ̀kọ́, ó yà sí ṣọ́ọ̀bù kékeré kan, ó ra ìpara abóra kan nínú ike roboto. Ẹnikẹ́ni kò fi ipá mú un. Ẹni tó tà á fún un kò bi í ní ọjọ́ orí rẹ̀, òun náà kò sì dúró ka ohun tí wọ́n kọ sẹ́yìn ike náà. Ó kì í bọ inú bàtà rẹ̀ kan tí kì í wọ̀, ó tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ ló ń fi í para, ní ojú àti ní ọrùn. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ó rí i pé ara òun ń dán. Inú rẹ̀ dùn. Ó ń fojú inú rí ara rẹ̀ lórí ìtàgé, òun àti Eden lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, tí àwọn èèyàn ń pàtẹ́wọ́. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ta á. Ó rò pé bí oògùn ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn.

Ìjọ Aládùúrà ni òun àti ìyá rẹ̀ ń lọ. Ní ọjọ́ Ìsinmi, bó ṣe wọ sùtánà rẹ̀, ọrùn sùtánà náà ń ha á lára bí ẹni fi ewé èsìsì nù ún. Ó ń fi ìka gbé e sókè. Ìyá rẹ̀ rí i.

"Kí ló ṣe ọrùn rẹ, Ayọ̀mí?"

"Ooru ni, Mọ́mì."

"Ooru, nínú òtútù yìí?"

"Ara ló ń yún mi."

Ìyá rẹ̀ wò ó, ṣùgbọ́n wọ́n ti ń pẹ́ dé ṣọ́ọ̀ṣì, ó sì fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀.

Ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e ni Mísísì Sylvanus fẹ́ yẹ gbogbo aṣọ wò, kí ó lè mú ọmọ tí yóò ṣíwájú àwọn yòókù lórí ìtàgé. Gbogbo kíláàsì ló ti gbà pé Ayọ̀mípọ̀sí ni. Àárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an ni ó jí tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú, tí awọ ọrùn rẹ̀ ń ṣí bí èèpo àlùbọ́sà, tí gbogbo rẹ̀ sì pupa yòò. Ó wo dígí, ó padà sórí bẹ́ẹ̀dì, ó fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bo orí.

Awakọ̀ bọ́ọ̀sì ni ìyá rẹ̀, Ọmọ́ṣọlá. Nítorí pé àfẹ̀mọ́júmọ́ ló máa ń jáde, ó ti tibi iṣẹ́ dé ní ọ̀sán. Ó bá bàtà ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ó gòkè lọ, ó ṣí kọ́tìnnì yàrá.

"Inú ló ń run mí," ni ohùn kan wí lábẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì.

"Ṣí ojú rẹ kí n rí ọ."

"Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́."

"Ayọ̀mí."

Ó ṣí i. Ọmọ́ṣọlá kò pariwo. Ó jókòó sí eteetí bẹ́ẹ̀dì nínú aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, ó di ọmọ rẹ̀ ní àgbọ̀n mú, ó rọra yí ojú rẹ̀ sí apá ọ̀tún, ó yí i sí apá òsì.

"Kí lo fi para?"

Ayọ̀mípọ̀sí sunkún kí ó tó lè dáhùn. Ó na ọwọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó mú ike náà jáde. Ìyá rẹ̀ ka ẹ̀yìn rẹ̀ tán, ó sọ ọ́ sínú apẹ̀rẹ̀ ìdọ̀tí, ó sì fi omi tútù wẹ ojú fún un bí ẹni ń wẹ ọmọ ọwọ́. Ó wá gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà.

Dókítà ní ara ọmọ náà yóò padà bọ̀ sípò, nítorí pé wọ́n tètè mọ̀. Ó ní bó bá jẹ́ pé ó ti lò ó pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, àpá rẹ̀ lè má lọ mọ́. Wọ́n fún un ní ìpara ìtọ́jú, wọ́n sì kìlọ̀ fún un nípa oòrùn.

Lójú ọ̀nà sílé ni Ọmọ́ṣọlá ṣẹ̀ṣẹ̀ bi í ní ìdí tó fi ṣe é. Ayọ̀mípọ̀sí ròyìn gbogbo rẹ̀: kaba búlúù, ọ̀rọ̀ Eden, àwọn fídíò. Ìyá rẹ̀ tẹ́tí sílẹ̀ títí ó fi parí.

"O fẹ́ pààrọ̀ awọ ara rẹ nítorí aṣọ tí ìwọ fúnra rẹ rán," ni ó wí. "Nígbà tí sísọ́ọ̀sì wà lọ́wọ́ rẹ."

Nígbà tí Ayọ̀mípọ̀sí padà sí ilé-ẹ̀kọ́, wọ́n ti mú ọmọ mìíràn pé kó ṣíwájú lórí ìtàgé. Mísísì Sylvanus rí ọrùn rẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn yàrá ìránṣọ, ó sì bá a sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. "N kò lè gba ipò yẹn padà lọ́wọ́ ẹni tí mo fún, kò ní tọ́. Ṣùgbọ́n o ṣì lè díje. Lọ ronú nípa ohun tí o fẹ́ kí èèyàn rí bí o bá jáde."

Ọ̀rọ̀ yìí dùn ún, ó sì ṣí i lójú. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, nígbà tí ìyá rẹ̀ kò lọ síbi iṣẹ́, Ayọ̀mípọ̀sí ní kí àwọn jọ gbé àpótí aṣọ tó wà lórí wọ́dúróòbù sọ̀kalẹ̀. Wọ́n gbé dígí gígùn sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ní pálọ̀, níbi tí ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán ti ń wọlé. Ayọ̀mípọ̀sí jókòó sí iwájú rẹ̀ láìkun ohunkóhun sójú. Ọmọ́ṣọlá ń nawọ́ aṣọ sí i, òun sì ń gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan sí abẹ́ àgbọ̀n rẹ̀.

Píǹkì tó ń kọ mànà: ojú rẹ̀ ṣú. Funfun láúláú: ó jọ aláìsàn. Dúdú kirikiri: abẹ́ ojú rẹ̀ jìn. Àwọ̀ àlùkò: ètè rẹ̀ kò hàn mọ́. Ó ti fẹ́ sú u nígbà tí ìyá rẹ̀ fa gèlè àtijọ́ kan jáde ní ìsàlẹ̀ àpótí, àwọ̀ osùn tí fífọ̀ ti sọ di jẹ́jẹ́.

"Dúró ná," ni Ọmọ́ṣọlá wí. "Má yọ ọ́ kúrò."

Àwọn méjèèjì wo dígí. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Ayọ̀mípọ̀sí, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń san, ní ẹ̀jẹ̀ nínú. Ó gbé òmíràn sí i, ìpèlé sányán tí àwọ̀ rẹ̀ dà bí tíì tí wọ́n da mílíìkì sí. Ojú rẹ̀ là. Ẹyinjú rẹ̀ tàn bí oyin tí oòrùn ń wọ̀ látinú ìgò. Ó gbé búláòsì kan tí àwọ̀ rẹ̀ jọ ewé tó ń gbẹ sí i, lẹ́yìn náà yẹ́lò tí kò tàn jù, tó fara jọ ata ilẹ̀ tí wọ́n lọ̀. Gbogbo wọn ló gbà á tọwọ́tẹsẹ̀.

Ó kó àwọn tó yẹ ẹ́ sápá kan, ó kó àwọn tí kò yẹ ẹ́ sápá kejì, ó sì ń wò wọ́n.

"Mọ́mì, ẹ wò ó. Gbogbo èyí tó yẹ mí ló ní ooru nínú, bí ẹni pé wọ́n kán epo tàbí yẹ́lò díẹ̀ sí i. Kò sì sí èyí tó ń pariwo nínú wọn. Ó dà bí ẹni pé oòrùn ti pa wọ́n díẹ̀."

"Bí ara rẹ náà ṣe rí nìyẹn," ni ìyá rẹ̀ dáhùn. "Kì í pariwo. Ṣùgbọ́n kò sí àìsàn kankan tó ń ṣe é."

Ayọ̀mípọ̀sí rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí ojú rẹ̀ ti wú.

Lọ́jọ́ yẹn náà ni wọ́n wọ bọ́ọ̀sì lọ sí ọjà Barking. Ó ń gbé aṣọ jáde síta, sínú ìmọ́lẹ̀, kó tó pinnu. Ó ra aṣọ ọ̀gbọ̀ aláwọ̀ sányán fún búláòsì, ó ra òmíràn tó jọ ewé tó ń gbẹ fún síkẹ́ẹ̀tì, ó wá ra ègé awọ kan tó ní àwọ̀ osùn fún bẹ́líìtì.

Sísọ ọ́ fún Eden ló le jù.

"O ní kí ni?" Eden gbé fọ́ọ̀kì rẹ̀ sílẹ̀. Yàrá oúnjẹ kún fọ́fọ́. "A ti sọ fún gbogbo èèyàn pé búlúù ni. O fẹ́ dá mi dá a?"

"Ìwọ ṣì lè wọ búlúù. Ó yẹ ọ́. Èmi ni kò yẹ."

"Àwọ̀ wo ni ìwọ wá fẹ́ wọ̀?"

Ayọ̀mípọ̀sí fi ègé aṣọ hàn án. Eden wò ó, ó rẹ́rìn-ín kíkorò, ó sì gbé àwo oúnjẹ rẹ̀ lọ sí tábìlì mìíràn. Kí ilé-ẹ̀kọ́ tó parí lọ́jọ́ náà, àwọn ọmọ kíláàsì ti ń pe Ayọ̀mípọ̀sí ní Ewé Gbígbẹ.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gùn. Ó ń dá jẹun, ó ń dá wọ bọ́ọ̀sì. Lẹ́ẹ̀kan, ó tilẹ̀ mú fóònù láti kọ̀wé sí Eden pé òun ti gbà, pé kí wọ́n padà sí búlúù. Ó wo ọrùn rẹ̀ nínú gíláàsì fóònù náà, níbi tí awọ tuntun ti ń yọ, ó sì gbé fóònù sílẹ̀. Ó padà sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ.

Nígbà tó parí tirẹ̀, ó mú kaba búlúù tó ti rán fún ara rẹ̀ sílẹ̀. Ó tú u, ó tún un gé sí ìwọ̀n Eden, tí òun ti mọ̀ sórí, ó sì fa ẹnu ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn sí i nítorí pé Eden ga jù ú lọ. Ó gbé e lọ sí ilé wọn ní Castle Green. Eden fúnra rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn.

"Tìrẹ ni," ni Ayọ̀mípọ̀sí wí. "Bí o kò bá fẹ́ bá mi wọ̀ ọ́, ó ṣì jẹ́ tìrẹ. Ìwọ ló yẹ kí n rán an fún láti ìbẹ̀rẹ̀."

Eden kò wo aṣọ náà. Ọrùn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló ń wò. "Wọ́n ní nǹkan kan ló bù ọ́ jẹ."

"Ìpara abóra ni."

Ojú Eden yí padà. "Nítorí ohun tí mo sọ?"

"Èmi ni mo rà á, èmi ni mo fi para. N kò ní parọ́ mọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ rẹ dùn mí, Eden."

Eden jókòó sórí àtẹ̀gùn iwájú ilé wọn. "N kò rò ó kí n tó sọ ọ́. Mi ò rí ohun tó burú lára rẹ rí. Má bínú." Lẹ́yìn náà ló sọ pé, "Èmi ni mo pè ọ́ ní Ewé Gbígbẹ. Èmi náà ni n óò sọ fún wọn kí wọ́n dẹ́kun." Ó sì sọ fún wọn lóòótọ́.

Gbọ̀ngàn tí wọ́n lò fún àṣefihàn náà, ní Castle Green, kún dé ẹnu ọ̀nà. Ọmọ́ṣọlá ti ibi iṣẹ́ sáré wá, ó jókòó nínú aṣọ awakọ̀ rẹ̀ ní ìlà iwájú. Nígbà tó kan Ayọ̀mípọ̀sí, Eden ló kọ́kọ́ jáde. Búlúù náà àti dúdú ara rẹ̀ gbé ara wọn sókè. Ṣe ló dà bí iná tó tàn lójijì. Àtẹ́wọ́ dún.

Ayọ̀mípọ̀sí wá jáde. Búláòsì sányán, síkẹ́ẹ̀tì tó ń fẹ́ lẹ́lẹ́ bó ṣe ń rìn, bẹ́líìtì aláwọ̀ osùn ní ìbàdí. Kò kun ojú. Àwọn èèyàn na ọrùn wò ó. Kì í ṣe aṣọ ni wọ́n kọ́kọ́ rí, ọmọbìnrin náà ni wọ́n rí: ojú tó là, ẹyinjú aláwọ̀ oyin, irun tó ń pọ́n nínú ìmọ́lẹ̀ ìtàgé. Ó rìn dé iwájú, ó dúró, ó gbé orí sókè. Àtẹ́wọ́ tó tẹ̀ lé e pọ̀ débi pé ó pẹ́ kó tó rọlẹ̀.

Ìyáàfin Ummuhani, aránṣọ ilé ìtàgé tí wọ́n pè wá ṣe adájọ́, mú ẹ̀rọ gbohùngbohùn. "Ọ̀pọ̀ nínú yín ló rán aṣọ méjì ní àwọ̀ kan náà. Méjì tìrẹ kò jọra rárá. Kí ló dé?"

Ayọ̀mípọ̀sí na ọwọ́ sí Eden. "Nítorí pé èèyàn méjì ló wọ̀ wọ́n, mà. Ara Eden dúdú, ó sì ń dán, ẹyinjú rẹ̀ mọ́ kedere. Àwọ̀ tó mọ́, tó sì lágbára ló lè bá a dúró. Tèmi lọ́wọ́ọ́wọ́, ó sì rọlẹ̀. Bí mo bá wọ àwọ̀ tó ń pariwo, aṣọ ni ẹ ó rí, ẹ kò ní rí mi. Mo kọ́kọ́ rò pé ara mi ló yẹ kí n tún ṣe. Mo gbìyànjú rẹ̀, ó sì bù mí jẹ. Ìgbà yẹn ni mo tó mú sísọ́ọ̀sì."

Obìnrin náà mi orí. "Ohun tí a ń wá ní ibi iṣẹ́ wa nìyí," ni ó sọ fún gbogbo gbọ̀ngàn náà. "Ẹni tó ń wo èèyàn kó tó wo aṣọ."

Ayọ̀mípọ̀sí ló gbégbá orókè. Nígbà tí wọ́n pe orúkọ rẹ̀, Eden ló kọ́kọ́ dì mọ́ ọn. Mísísì Sylvanus ń nu ojú. Ọmọ́ṣọlá dìde dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ń kọrin ọpẹ́ ìjọ wọn, kò sì bìkítà pé gbogbo èèyàn ń wo òun.

Ó lo ìgbà ooru yẹn láàárín àwọn aránṣọ ilé ìtàgé. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n gbé lé e lọ́wọ́ ni kó yan aṣọ fún àwọn òṣèré tí àwọ̀ ara wọn yàtọ̀ síra. Ó gbé wọn dúró sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì wo ojú wọn pẹ́ kó tó na ọwọ́ sí aṣọ kankan.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ka ìtàn Ayọ̀mípọ̀sí, ohun tó lòde lè yẹ ọ̀rẹ́ yín kó má yẹ yín, ìyẹn kò sì fi hàn pé àléébù wà lára yín. Ẹ kọ́ láti mọ ara yín. Àwọ̀ aṣọ kò lóǹkà lọ́jà, ẹ lè yàn, ẹ lè kọ̀, ẹ lè tú u kí ẹ tún un rán. Ara tí Ọlọ́run fún yín kò ní ìpààrọ̀. Ẹ tọ́jú rẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí aṣọ máa sìn ín.